Ọkọ̀ Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Fi Ṣe Takisí l'Ékòó: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Ka Ọjọ́ Orí Rẹ̀, Tí Àyẹ̀wò Ò sì Ní Dá a Padà

"Ọkọ̀ ọdún wo ni wọ́n ṣì ń gbà?" Àwọn awakọ̀ ń bi mí, àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́ náà ń bi mí. Ìbéèrè yẹn ò tó. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bi ni pé: ọdún mélòó ló kù tí ọkọ̀ yìí lè fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ní ó ti gbó jù? Ọkọ̀ tí wọ́n gbà lónìí, tí wọ́n á yọ lẹ́yìn ọdún méjì, tí owó rẹ̀ ò sì ní tán lọ́rùn yín títí ọdún mẹ́ta, gbèsè lẹ rà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún takisí orí áàpù àti takisí tí kì í lo áàpù, yálà Ìsàlẹ̀ Èkó àti Lẹ́kí lẹ ti fẹ́ máa ṣiṣẹ́, tàbí Ìkẹjà, Yábàá àti Sùúrùlérè. Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Ẹ má san àsansílẹ̀ kankan títí ẹ ó fi ṣe ìgbésẹ̀ kẹta tán.

## Àwọn mẹ́ta tó ń fi ààlà sí i

Ọ̀pọ̀ rò pé òfin kan ṣoṣo ló wà. Mẹ́ta ni, ohun tí kálukú wọn sì ń wò yàtọ̀.

- Kọ́sítọ́ọ̀mù. Tòkunbọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára ẹrù tí ìjọba àpapọ̀ ò gbà kó wọlé. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni wọn ò sì ti jẹ́ kí ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté nìkan ni. Bí dílà bá ń sọ fún yín pé "Sẹ̀mẹ̀ ló gbà wọlé, kò sí wàhálà," wàhálà yẹn gan-an ló ń tà fún yín.
- Ilé-iṣẹ́ áàpù. Uber, Bolt, inDrive: kálukú ló ní ọdún tó kéré jù tó lè gbà, ó sì yàtọ̀ láti ìsọ̀rí dé ìsọ̀rí. Ọkọ̀ tó wọ ìsọ̀rí olówó pọ́ọ́kú lè má wọ èyí tí owó rẹ̀ wúwo. Wọ́n máa ń yí ọdún yìí padà, òkè ló sì sábà máa ń lọ.
- Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn VIO ló ń yẹ ọkọ̀ wò. Bí ọkọ̀ ṣe rí ló jẹ wọ́n lógún jù: bíréèkì, iná, táyà, èéfín.

Torí náà, ọkọ̀ lè gba ọ̀dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, kó gba ọ̀dọ̀ VIO kọjá, kí áàpù sì ní òun ò gbà á.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ọdún tó kù

1. Ẹ lọ sí ojú ewé àwọn awakọ̀ lórí áàpù tẹ́ ẹ fẹ́ lò, kẹ́ ẹ yan Èkó. Ti Àbújá tàbí Ìbàdàn lè yàtọ̀. Ẹ má gbára lé àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp. Ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ni.
2. Ẹ kọ ọdún tó kéré jù sílẹ̀ fún ìsọ̀rí tẹ́ ẹ fẹ́.
3. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọdún ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí wọ́n bá ní 2010 ni àwọn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ 2013, ọdún mẹ́ta ló wà láàárín. Bí wọ́n bá ń gbé ààlà yẹn sókè ní ọdọọdún, ọdún mẹ́ta ló kù fún yín nìyẹn.
4. Ẹ fi wé iye ọdún tẹ́ ẹ máa fi san owó ọkọ̀ náà tán.

Lójú tèmi, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á kò gbọ́dọ̀ gbà kó dín ní ọdún márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọlọ́kọ̀, kó rí i pé ọdún tó kù fi ọdún méjì ju iye ọdún tó máa fi sanwó lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ìwé ọkọ̀ bá di tiyín ni áàpù máa ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan mọ èyí dáadáa, wọn ò kàn ní sọ ọ́ ni.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ má gba ẹnu dílà gbọ́, ẹ ka nọ́ńbà ṣáásì

Ibí lowó ti ń sọnù jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ojú lásán ò lè sọ ọdún ọkọ̀ fún yín. Corolla tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2013, ara kan náà ni. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà níwájú àti lẹ́yìn. Camry 2007 sí 2011 náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Muscle. Nítorí náà dílà lè pe 2009 ní 2013 láìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń "upgrade" ọkọ̀ wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á tú iná, bọ́ńpà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, wọ́n á gbé tuntun sí i, ọkọ̀ á sì dà bí ọmọ tuntun. Ojú ni wọ́n pààrọ̀, nọ́ńbà ṣáásì ò yí padà, nọ́ńbà yẹn ni áàpù sì máa wò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kà á rèé:

1. Ẹ wá nọ́ńbà náà níbi mẹ́ta: lórí dáṣíbọ́ọ̀dù (lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀), lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, àti nínú ìwé ọkọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá.
2. Ẹ kà á: 17 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án, tàbí ẹni tó kọ ìwé ọkọ̀ náà ti ṣì í kọ.
3. Ẹ wo èkíní. 1, 4 tàbí 5 túmọ̀ sí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. 2 ni Kánádà. 3 ni Mẹ́síkò. J ni Japan.
4. Ẹ wo ìkẹwàá. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ọdún wà:
   - 9 = 2009, A = 2010, B = 2011, C = 2012
   - D = 2013, E = 2014, F = 2015, G = 2016
   - H = 2017, J = 2018, K = 2019, L = 2020
   - M = 2021, N = 2022, P = 2023, R = 2024

Ẹ ṣọ́ra: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù, irú èyí tó gba Bẹ́ljíọ̀mù wá, lè má fi ọdún sí ìkẹwàá. Fún irú wọn, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìsàlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lẹ bébà kékeré tó ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́líìtì náà mọ́ ọn. Bí bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọ 2010, tí dílà wá ń sọ 2014, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́.

Ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú: bébà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lè sọ pé oṣù 09, 2014 ni wọ́n ṣe ọkọ̀, kí nọ́ńbà ṣáásì sì sọ 2015. Irọ́ kọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò ti ọdún tó ń bọ̀ kí ọdún tó parí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ áàpù yín èwo ni wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kéré jù ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí nọ́ńbà ṣáásì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ fún yín bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti ní kí wọ́n dá a padà wá fún àtúnṣe, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì ṣe é. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù ni ti èébàágì Takata, tó ba ọ̀pọ̀ Honda àti Toyota àwọn ọdún yẹn jẹ́: dípò kó gba ẹ̀mí là, irin rẹ̀ lè fọ́n ká sára ẹni tó jókòó síwájú.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ ara ọkọ̀ wò

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ. Èyí tí dílà bá yín pè, ọmọ ilé ọjà ni. Bó jẹ́ ọjà ọkọ̀ ní Bẹ́gà lọ́nà Àpápá lẹ ń lọ, ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí wọ́n má tíì gbóná ẹ́ńjìnnì dè yín. Ẹ́ńjìnnì tutù ló ń jẹ́wọ́.

Ọkọ̀ tó ti mumi. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó, ọjà àfọ́kù l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà wọ́n, lẹ́yìn ìjàǹbá tàbí omíyalé. Ti ìjàǹbá ṣeé tún ṣe bí páńẹ́lì bítà bá mọṣẹ́. Ti omi ni mo máa ní kẹ́ ẹ sá fún, torí wáyà ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí réwáyà tó lè bá a dé ìdí. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó sókè, ẹ fi ọwọ́ kan irin tó de ìjókòó mọ́lẹ̀, ẹ wo ihò tí táyà àfipamọ́ ń wọ̀ nínú bọ́ọ̀tù. Ẹrẹ̀ gbígbẹ, ìpatà, òórùn ọ̀rinrin tí wọ́n fi lọ́fínńdà bò: ẹ máa lọ.

Máìlì. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ka máìlì, kì í ṣe kìlómítà. 100,000 tẹ́ ẹ rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lé ní kìlómítà 160,000. Wọ́n sì máa ń dá a padà sẹ́yìn. Bí rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì bá ti jẹ tán, tí àwọ ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ti ń bó, tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń sọ 45,000, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Iná ẹ́ńjìnnì. Kò tó pé iná náà ò tàn. Wọ́n lè fi skánà pa á ní ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín so skánà tiẹ̀ mọ́ ọn, kó wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bá tíì parí, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu nǹkan kúrò níbẹ̀ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì.

Ìdánwò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Takisí Èkó kì í kú lórí eré, inú ìdúró ló ti ń kú. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan AC dé òpin, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lójú kan fún ìdajì wákàtí nínú oòrùn. Ẹ máa wo ọ̀pá ooru. Fáànù rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Bí AC bá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ ronú bó ṣe máa rí lórí Third Mainland ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú èrò mẹ́ta lẹ́yìn. Èmi ò ní ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù dáadáa.

Gíà àti bíréèkì. Láti P sí R, láti R sí D: bó bá ń rò ó kó tó wọlé, tàbí tó bá fò, gíà ti ń lọ. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì gíà jáde bó bá ní. Tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, kò dáa. Ẹ wa ọkọ̀ náà níbi tí ọ̀nà ti dán, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì ṣinṣin. Kò gbọ́dọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí èrò máa ń wò, tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í rántí:

- bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́, kò sí lábẹ́ ìjókòó
- gbogbo ilẹ̀kùn ń ṣí látinú àti láti ìta
- gíláàsì ń lọ sókè sódò
- bọ́ọ̀tù gba àpótí ńlá méjì, pàápàá bẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gbé èrò pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà
- gíláàsì kò dúdú; bó bá dúdú, ẹ ká a kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e sójú pópó

## Ìgbésẹ̀ 4: Táyà

Ọjọ́ orí táyà yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò sì ń kà á.

1. Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún: 2322 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022.
2. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń ka táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin sí èyí tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, bó ti wù kó nípọn tó.
3. Ihò ara táyà kò gbọ́dọ̀ jìn kéré sí mìlímítà 1.6.

Táyà tòkunbọ̀ wà lára ohun tí òfin ò gbà kí wọ́n kó wọlé, síbẹ̀ ó kún gbogbo ìsọ̀ fọkanáísà. Mo mọ̀ pé owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó táyà tuntun mẹ́rin kún owó ọkọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá yá.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé

- Ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọdún, àwọ̀ àti nọ́ńbà ṣáásì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu.
- Orúkọ yín. Ẹ gbé ìwé ọkọ̀ sí orúkọ yín ní ọ́fíìsì MVAA, ilé-iṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Bí ajẹ́ńtì bá ń bá yín ṣe é, ẹ ka ohun tó tẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Ajẹ́ńtì tó fi 2010 sí ibi tó yẹ kó jẹ́ 2012 ti jẹ ọdún méjì lára iṣẹ́ yín, títún un ṣe sì le ju ṣíṣe é lọ.
- Nọ́ńbà ọkọ̀. Lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ èrò, búlúù ni ti àdáni. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.
- Ródìwọ́tì. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ti ọkọ̀ èrò. Ẹni tó ń ronú bí ọlọ́kọ̀ àdáni máa ń rò pé ó di ọdún tó ń bọ̀.
- Hackney permit (ìwé àṣẹ láti fi ọkọ̀ gbé èrò gbowó) fún ọkọ̀, àti káàdì LASDRI (ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó) fún awakọ̀.
- Ìńṣọ́ránsì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní askniid.org pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀. Bí kò bá jáde níbẹ̀, ó lè jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún èyí pẹ̀lú: ìńṣọ́ránsì ọkọ̀ àdáni kì í sábà bo ọkọ̀ tó ń gbé èrò gbowó. Ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n máa ń kà á sí èèyàn létí.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ní ibùdó ìjọba, ẹ̀rọ ló ń wọn púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ojú. Ẹ fọ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wo gbogbo iná: iwájú, ẹ̀yìn, bíréèkì, ìyànà, àti èyí tó ń tan nọ́ńbà ẹ̀yìn. Ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tó wà lára òpó ilẹ̀kùn. Bí sàlẹ́ńsà bá ń tu èéfín dúdú tàbí búlúù, ẹ má lọ. Ẹ lọ tún un ṣe ná.

Kó sínú bọ́ọ̀tù:

- ẹ̀rọ panápaná tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá
- C-caution
- táyà àfipamọ́ tó léfẹ̀ẹ́, jáàkì àti sípánà
- àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì

Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí ọkọ̀ má dé ibùdó rárá, kí ìwé kàn jáde, ẹ rántí pé ìwé tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró ní Ọ̀jọ́ta.

Ti áàpù, fọ́tò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ yà á lójúmọmọ, kí ọkọ̀ hàn tán láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí nọ́ńbà ọkọ̀ ṣeé kà. Ìwé tí ìka bo igun rẹ̀, wọ́n á dá a padà.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí wọ́n ra ọkọ̀ tán kí wọ́n tó wo ààlà ọdún áàpù.
- Kí wọ́n yí ọkọ̀ sí gáàsì CNG láìwọn bọ́ọ̀tù. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023 ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, ó sì ń dín owó epo kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n sílíńdà máa ń gba ààyè àpótí èrò. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.
- Kí wọ́n máa ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ láìmú èyí tó bàjẹ́ dání. Ẹ mú un lọ, ẹ fi wé e.
- Kí wọ́n fi gbogbo owó ra ọkọ̀, kí ó má ku nǹkan kan fún ọ́ìlì, bíréèkì àti táyà oṣù àkọ́kọ́.

## Bí ọkọ̀ yín bá ti gbó jù

Ẹ wo ìsọ̀rí tó kéré jù lórí áàpù kan náà ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wo áàpù mìíràn. Ààlà wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá gbà á, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣì dáa, ẹ tà á fún ẹni tó fẹ́ fi lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń mówó wá ju bẹ́ ẹ bá fi ṣe kábúkábú tí LASTMA àti VIO ń lé kiri títí tó fi di àlòkù. Ẹ fi owó náà ṣe àsansílẹ̀ ọkọ̀ tuntun díẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní.

Bó bá jẹ́ pé ọdún ọkọ̀ yín tó, tí áàpù sì dá a padà:

1. Ẹ ya fọ́tò bébà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, nọ́ńbà ṣáásì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, àti ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù.
2. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ pa pọ̀ látinú áàpù fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ẹni tó ní òun mọ ènìyàn níbẹ̀.
3. Bó jẹ́ ìwé ọkọ̀ ló kọ ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ tún un ṣe ní MVAA kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.
4. Ẹ má fi ìwé ọkọ̀ ẹlòmíì ṣí àkáǹtì tuntun. Bí wọ́n bá mú un, àkáǹtì yín àti ti ẹni tó yá yín níwèé ni wọ́n máa tì.